Owó Ẹyọ, Epo Pupa àti Náírà Mọ́mì Mi

Ní oṣù kejì ọdún 2023, mọ́mì mi lówó lọ́wọ́ ṣùgbọ́n wọn ò rí i ná. Epo pupa ni wọ́n ń tà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ń tà á. Owó ọjà wọn wà nínú agolo mílíìkì ńlá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹgbẹ̀rún kan náírà àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní báǹkì, ìlà ti dé títì kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó ń ṣe POS ń fi owó ta owó: kó o tó gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́wọ́ wọn, wàá yọ ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi bá wọn dúró lórí ìlà yẹn. Lọ́jọ́ kejì, bàbá àgbàlagbà kan tó wà níwájú mi kàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí rò pé tuntun nìyí. Ṣé ẹ ò gbọ́ ti '84 ni?"

Mi ò mọ nǹkan kan nípa '84, wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Computer Science ni mo kà ní yunifásítì, iṣẹ́ kí n máa kọ code ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lálaalẹ́. '84 ni mo ń wá kiri, ìgbà tí mo máa fi mọ̀, mo ti bá ara mi ní 1845.

Kí náírà tó dé, kí póùn tó dé, ẹyọ ni owó wa. Gbogbo wa la mọ ẹyọ, ó wà lára àwòrán, ó wà lọ́rùn àwọn olórin, ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń dífá ẹ̀rìndínlógún. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé kì í ṣe etí òkun wa ni wọ́n ti ń ṣà á. Láti erékùṣù Maldives, lọ́hùn-ún nínú Òkun Íńdíà, ló ti ń bọ̀. Àwọn Potogí kó o wá, àwọn ará Netherlands àti Gẹ̀ẹ́sì náà kó o wá, ènìyàn ni wọ́n sì fi ń rà. Ẹ jẹ́ ká má fi bò. Nínú owó tí wọ́n san lórí àwọn tó di baba ńlá àwọn ará wa ní Brazil àti Cuba, ẹyọ wà níbẹ̀.

Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kà á. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ yìí, àpò gidi ni, ẹyọ 20,000 ló wà nínú rẹ̀, ẹrù orí ènìyàn kan. Nígbà tó o bá gbọ́ "ọ̀kẹ́ àìmọye", àpò owó ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe àsọdùn lásán. Títí dòní, tí oníbàárà bá fún mọ́mì mi ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, "àpò márùn-ún" ni wọ́n ń pè é, torí pé igba náírà ni àpò kan, ìyẹn ọgọ́rùn-ún póùn àtijọ́. Wọn ò rí owó ẹyọ ná rí láyé wọn, síbẹ̀ àpò rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń ka owó.

Ní 1845 wá, ilé iṣẹ́ Hertz, ní ìlú Hamburg tó wà ní Jámánì òde òní, bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Oríṣi ẹyọ mìíràn wà ní Zanzibar àti etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó tóbi ju ti Maldives lọ, ó wúwo jù ú lọ, ó sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń rà á. Wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gbé e wá sí Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, àti Èkó. Kì í ṣe ènìyàn ni wọ́n fẹ́ rà o. Epo pupa ni. Àwọn òyìnbó nílò epo láti fi ṣe ọṣẹ, láti fi ṣe àbẹ́là, láti fi pa ẹ̀rọ. O'Swald, ilé iṣẹ́ mìíràn láti Hamburg, tún dara pọ̀ mọ́ òwò náà. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti gba ẹyọ ńlá yìí, ṣùgbọ́n Èkó gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ code bíi tèmi, ẹ wò ó dáadáa. Ohun tó ń mú kí owó ẹyọ níyì ni pé ó ṣòro kó wá. Kò sí ọba kan, kò sí báǹkì kan, tó ń ṣọ́ iye tó ń wọlé. Jíjìn ọ̀nà ló ń bá wa ṣọ́ ọ. Hamburg wá rí ẹ̀yìnkùlé gbà wọlé. Bug nìyẹn. Ká ní èmi ni mo kọ app kan tí ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọkọ̀ ojú omi lè máa fi owó kún àkántì ara rẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n á lé mi níbi iṣẹ́ nìkan, ẹ̀wọ̀n ni màá sùn.

Bí èrè náà ṣe ń wá ló yà mí lẹ́nu jù. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀, iye àná ló fi ra epo. Ọjà ò tíì mọ̀ pé owó ti pọ̀ sí i. Ọwọ́ alágbàtà ní Èkó ni ẹyọ náà kọ́kọ́ bọ́ sí, òun náà tètè ná an. Ó kúrò lọ́wọ́ alágbàtà, ó bọ́ sọ́wọ́ alájàpá, ó gba odò, ó gba oko. Nígbà tó máa fi dé ọwọ́ ìyá tó se ẹyìn, tó gún un, tó fún epo rẹ̀, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Ẹni tó ṣiṣẹ́ jù ló gba owó tó ti rẹ̀ jù. Ọkọ̀ mìíràn sì tún ń bọ̀ lẹ́yìn.

Wọn ò sì gba ẹyọ yìí padà. Kò sí bó o ṣe máa kó ẹyọ lọ sí Hamburg kó o fi ra ohunkóhun. Owó tó ń wọlé tí kì í jáde ni, ọ̀dọ̀ wa ló ń pọ̀ sí. Ó ń pọ̀ títí tí owó alárùú tó ń gbé e lọ sọ́jà fi ń jẹ apá ńlá nínú owó náà fúnra rẹ̀. Àwọn tó rì í mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò hú u jáde, iye rẹ̀ pé, agbára rẹ̀ ti dínkù. Àwọn tó dá èésú, tó jẹ́ pé àwọn ló máa kó gbẹ̀yìn, ẹ ro tiwọn wò. (Ó ṣeé ṣe kó dára fún àwọn kan. Ẹni tó jẹ gbèsè ẹyọ, tó fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, tó bá jẹ́ pé iye ẹyọ tó yá láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ló máa san, ó yẹ kó rọrùn fún un láti gba ọmọ rẹ̀ padà. Inú mi dùn nígbà tí mo ro ìyẹn.) Nígbà tó fi máa tó nǹkan bí ọdún 1880, èrè ti tán nínú òwò ẹyọ Zanzibar, àwọn ará Hamburg gbájú mọ́ nǹkan mìíràn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de kíkó ẹyọ wọlé ní 1904. Ní 1912 wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń ṣe owó fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. London ni wọ́n jókòó sí.

CBN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé, náírà méjì sí póùn kan. Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ní ó fún un lórúkọ. Owó tiwa, a lè ṣọ́ ọ fúnra wa.

'84 tí bàbá yẹn ń sọ wá rèé. Buhari gbàjọba ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983. Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba kéde pé àwọn máa pààrọ̀ àwọ̀ owó. Wọ́n ti ẹnubodè pa, wọ́n fún aráàlú ní ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. Mọ́mì mi ní ìyá tó bí àwọn ò ní àkántì nígbà yẹn, ẹlòmíì ló bá wọn kó o sí àkántì tirẹ̀, kò sì pé nígbà tó máa padà. Ní 2022, Buhari kan náà ló wà lórí oyè, Emefiele sì ni gómìnà CBN. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá wọ́n kéde pé igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan máa yí padà, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kìíní 2023 ni gbèdéke. Wọ́n sún un díẹ̀. Ìdìbò ààrẹ kọjá. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí ọdún á fi parí. Lára epo tí mọ́mì mi ò rówó rà láàárín ìgbà yẹn, kò sí ilé ẹjọ́ tó máa dá a padà.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ará Hamburg inú ọ̀rọ̀ yìí. Dọ́là ni. Láti 1986 tí Babangida ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà, tó jẹ́ pé láàárín ọjọ́ díẹ̀, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi náírà kan àtààbọ̀, ó lé ní mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń ní iye méjì: iye ti ìjọba àti iye ti àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní títì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, 197 ni ti ìjọba, ti títì ti lé ní 300. Ẹni tó bá mọ ẹni tó máa bá a gbà á ní 197, kò nílò kó se ẹyìn, kò nílò kó fún epo. Kó kàn rìn dé títì ni. Èmi ní 2022, báǹkì mi sọ fún mi pé ogún dọ́là péré ni káàdì náírà mi lè ná lóṣù kan, owó server mi ju ìyẹn lọ.

Torí náà nígbà tí ìjọba Tinúbú pa iye méjèèjì pọ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà 2023, mo ní ó tọ́. Mo ṣì gbà pé ó tọ́ kí ọ̀nà jìbìtì yẹn dí. Dọ́là kúrò ní 460 ó lé, ó kọjá 700. Nígbà tó di oṣù kejì 2024 ó ti ju 1,500 lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kàn mí nìyí. Ilé iṣẹ́ òkèèrè kan ni mò ń bá ṣiṣẹ́ láti ilé, dọ́là ni wọ́n fi ń sanwó mi. Láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, owó oṣù mi di ìlọ́po méjì, ó di ìlọ́po mẹ́ta ní náírà. Mi ò kọ code kan lé e. Láàárín oṣù mẹ́jọ kan náà, owó tí mọ́mì mi fi ń ra epo lọ́wọ́ àwọn ará oko ò kúrò ní iye tó wà lórí bébà, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tó ń rà ń dínkù. Mo wá sílé, mo ra kẹ́ẹ̀gì epo méjì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní rárá, mo sanwó. Nígbà tí mò ń ṣírò rẹ̀ sí dọ́là lọ́kàn mi nínú mọ́tò, mo rí i pé owó táṣẹ́rẹ́ ni mo fi gbé epo yẹn lọ. Lọ́dún tó ṣáájú, mi ò lè rà á ní iye yẹn. Inú mi ò dùn. Mo ní ìṣẹ́jú kan tí mo mọ bó ṣe rí láti jẹ́ ará Hamburg, kó o gúnlẹ̀ ní Èkó, kó o ra epo lọ́wọ́ ìyá oníyàá.

Mo sọ fún mọ́mì mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn fi owó pamọ́ sí dọ́là. Wọ́n ní ta ni wọ́n fẹ́ fi dọ́là ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ ní oko? Agolo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti kúrò níbẹ̀. Tí èrè bá ti wọlé báyìí, epo ni wọ́n ń fi rà, wọ́n á tò ó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kò sí owó nílé mọ́ àfi ti oúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo pè wọ́n. Lẹ́yìn ìkíni, wọ́n béèrè pé dọ́là ti di èló. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n dúró, wọ́n pe ọmọ tó ń bá wọn tajà pé kó lọ ka kẹ́ẹ̀gì tó kù kí wọ́n tó dá oníbàárà lóhùn. Mo ń gbọ́ ọ lórí fóònù bó ṣe ń kà á, ogún, mọ́kànlélógún, méjìlélógún.