Ohun Ogun tí Kò Jagun Mọ́: Ìtọ́jú Idà, Ìbọn àti Ẹrù Ológun Àtijọ́ ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìtàn ti ṣe lórí ogun ilẹ̀ Yorùbá ni ó dá lórí ohun tí ó fa ogun, àwọn tí ó jà á àti bí ó ṣe parí. Díẹ̀ ni ó bèèrè ibi tí àwọn ohun ìjà náà wọlé sí nígbà tí ogun tán. Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dojú kọ níhìn-ín, agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a ó sì fi ṣe òpó àlàyé wa.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn wà tí ó jẹ́ pé kíkó ohun ogun àtijọ́ jọ àti títún un ṣe ni wọ́n fi ń najú. Lọ́dọ̀ tiwa, a kò sọ iṣẹ́ àfipawọ́ yìí lórúkọ, ṣùgbọ́n a ń ṣe é: ìjòyè tí ó ń tún ìlẹ̀kẹ̀ ara idà baba rẹ̀ sín ń ṣe é, alágbẹ̀dẹ tí ọmọ ọdẹ gbé ìbọn tí ó ti dógùn-ún wá bá ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó jogún àpótí ológun náà ń ṣe é. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá tún ohun ogun ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ikú tí ohun náà kú. Idà kan wà tí a kò rọ fún pípa ènìyàn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìbọn kan wà tí àìsí ọta pa, òmíràn wà tí òfin dá sí. Ẹrù kan sì tún wà tí ó jẹ́ pé àwa ọmọ tí ó jogún rẹ̀ ni a pa á.

Udàmalóre

Udà ni àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pe idà. Udàmalóre sì ni idà ọmọ tí a bí ire. Rowland Abiodun, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ó kọ́ni ní Ifẹ̀ kí ó tó lọ sí Amherst ní Amẹ́ríkà, ti ṣe àlàyé rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà. Àwọn ìjòyè ńlá a máa so ó mọ́ ìbàdí òsì pẹ̀lú orúfanran, ẹ̀wù aláṣọ pupa tí a gé ní ìpele-ìpele bí ìpẹ́ ara akíka, tí a sì fi eyín erin gbígbẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Nínú àwọn udàmalóre, a rí èyí tí a fi eyín erin gbẹ́ àti èyí tí ìlẹ̀kẹ̀ bò.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé idà tí a fi eyín erin gbẹ́ kò lè gé ènìyàn. Àwòrán idà ni. Ẹni tí ó so ó mọ́ra ń sọ pé ìdílé òun ti jagun rí, pé agbára láti jà kò tán lára òun, ṣùgbọ́n pé ìwà ọmọ tí a bí ire ni ó dá òun dúró. Nítorí náà, kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹnu ìbọn àtijọ́ kí wọ́n tó gbé e kọ́ ara ògiri, Ọ̀wọ̀ ti ní ohun ogun tí kò lè jagun, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fi í ṣe.

Títọ́jú irú idà bẹ́ẹ̀ kò rọrùn. Eyín erin a máa mu omi, a sì máa là nígbà ọyẹ́. Ẹni tí ó bá fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́ kí ó lè funfun ti ba á jẹ́. Òwú tí ó mú ìlẹ̀kẹ̀ dúró ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹrà, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà. Bí a bá ń tún un sín, òwú nìkan ni ó yẹ kí ó jẹ́ tuntun. Bí apá kan eyín erin bá ṣẹ́, kò sí bí a ó ṣe rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀ ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, nítorí pé láti ìpàdé àgbáyé ti ọdún 1989 ni a ti fi òfin de òwò eyín erin láàrin orílẹ̀-èdè. Ní èrò tiwa, kí ibi tí ó ṣẹ́ wà bẹ́ẹ̀ sàn ju kí a fi egungun màlúù tàn wá jẹ.

Ìbọn tí òfin dá sí

Ọ̀nà Bìní jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọ̀nà tí ọjà òyìnbó gbà dé agbègbè yìí. Àwọn Pọtogí ti dé Bìní kí ọ̀rúndún kẹẹ̀dógún tó parí, àwọn asúdẹ Bìní sì ya àwòrán Pọtogí tí ó gbé ìbọn lọ́wọ́ sára idẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìbọn di ohun tí ó ń pinnu ogun ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà Ogun Kírìjì (1877 sí 1893), àwọn Èkìtìparapọ̀ tí ó wà ní Èkó fi ìbọn tí a ń kì láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, pàápàá Snider, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1866. Ìró ìbọn àti àgbá tí ó ń dún láàrin àwọn òkè ni a sì gbọ́ pé ó sọ ogun náà ní Kírìjì.

Ẹni tí ó bá wo àwọn ìbọn tí ó ṣẹ́ kù lóde òní yóò rí nǹkan kan tí ó yani lẹ́nu. Ìbọn tí ó dára jù ni ó kọ́kọ́ kú. Snider kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ọta tí ilé iṣẹ́ òyìnbó ṣe, tí ẹ̀tù àti òjé wà pọ̀ nínú àpò kan. Nígbà tí ọta kò wọlé mọ́, irin lásán ni ó kù. Ṣakabùlà ni tirẹ̀, ẹnu ni a ń gbà kì í. Ẹ̀tù díẹ̀, irin wẹ́wẹ́ díẹ̀, ó tó. Bí ó bá bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ àdúgbò lè rọ òmíràn sí i.

Òfin sì kín èyí lẹ́yìn. Ní 1890, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels, tí ó fòfin de gbígbé ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n tí ó fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta-iná tí kò ní ìlà nínú. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: kí ìbọn ọwọ́ aláwọ̀ dúdú má baà lè dojú kọ ti òyìnbó. Òfin Ohun Ìjà ti ọdún 1959, tí ó ṣì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà, tẹ̀lé ìpín kan náà. Ó ka ìbọn ológun mọ́ ohun tí a kà léèwọ̀. Ó fi ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ìsọ̀rí tiwọn, tí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ lé lórí. Bí ọdẹ kan ní Ìfọ́n tàbí Ìdóàní bá gbé ṣakabùlà lọ sí oko lónìí, àwọn òyìnbó tí ó jókòó ní Brussels ní 1890 wà lára àwọn tí ó yan ìbọn náà fún un.

Lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ

Ohun àkọ́kọ́ tí alágbẹ̀dẹ tí ó mọṣẹ́ máa ń ṣe sí ìbọn àtijọ́ ni pé kò ní fi í sí iná. Yóò ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀, yóò sàmì sí ara ọ̀pá náà, yóò sì fà á jáde, kí ó wá fi wọn ara ìbọn láti ìta. Bí àmì náà kò bá dé ibi tí ihò iná wà, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tù dúdú tí kò rí omi lè wà nínú ìbọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó sì tún gbiná. Ìbọn tí ó wà lórí àjà láti ayé bàbá àgbà lè pa ọmọ-ọmọ. Ẹni tí ó bá bá ọta tàbí àdó olóró nínú ẹrù àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Àwọn ọlọ́pàá tí ó kọ́ṣẹ́ nípa ohun abúgbàù ni ó ni í.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà alágbẹ̀dẹ àti ọ̀nà olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pínyà. Alágbẹ̀dẹ fẹ́ kí ìbọn jí. Yóò fi òroǹbó wẹ́wẹ́ àti iyanrìn bó o títí yóò fi máa dán, yóò pààrọ̀ igi ìdí rẹ̀, yóò rọ irin tuntun sí ibi tí òkúta iná ń sán, yóò fi àdín pa á. Iṣẹ́ rere ni lójú ọdẹ. Ṣùgbọ́n omi òroǹbó ń jẹ irin, iyanrìn sì ń pa àmì tí ilé iṣẹ́ òyìnbó tẹ̀ sí ara rẹ̀ rẹ́, bẹ́ẹ̀ àmì yìí nìkan ni ó lè sọ ìlú tí ìbọn náà ti wá fún wa. Àdín ń gan mọ́ irin bí ó bá pẹ́, eruku a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fẹ́ kí ìbọn dúró ní òkú tí ó jẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni yóò fi gbọn ìpẹtà tí kò lẹ̀ mọ́ ara irin, yóò fi ìda bò ó díẹ̀, yóò sì kọ gbogbo ohun tí ó ṣe sílẹ̀.

A kò fẹ́ dá alágbẹ̀dẹ lẹ́bi o. Àtúnṣe tí alágbẹ̀dẹ ṣe ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ti di ìtàn fúnra rẹ̀. Irin àdúgbò tí ó wà lára ìbọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀rí pé iná àgbẹ̀dẹ kò kú nígbà tí irin òkèèrè gba ọjà. Bí olùkójọ kan bá yọ irin náà kúrò kí ìbọn lè rí bí ó ṣe rí ní ọjọ́ tí ó kúrò ní Birmingham, ìtàn Birmingham ni ó tọ́jú. Tiwa ni ó sọnù.

Ta ni ó ni í?

Òfin tí ó dá Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí sílẹ̀ ní 1979 ka ohun ìjà àti ẹ̀wù ogun mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí a ṣe ṣáájú 1918, tàbí tí ó ní ìtumọ̀ nínú ìtàn tí a sì ti lò ó rí fún orò ìbílẹ̀.  Ṣùgbọ́n òfin 1959 ka ẹ̀yà ara ìbọn kún ìbọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1988, ìbọn tí a ti pa ní ìpa òfin a máa gba òǹtẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí; lọ́dọ̀ wa, kò sí irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà lè jẹ́ ogún ìran lójú òfin kan, kí ó sì jẹ́ ẹ̀sùn lójú èkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán ní Ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, àwọn apànìyàn kọlu àwọn olùjọsìn ní ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti St. Francis, àwọn tí ó kú sì lé ní 40. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá aládùúgbò rẹ̀ wí bí ó bá bẹ̀rù irin gígùn tí ó rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìbáà ti kú láti ayé Kírìjì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ó lè gba irú irin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù. Èyí tí ó wà ní Umuahia, tí a ṣí ní 1985, fi hàn pé ó ṣeé ṣe: ọkọ̀ ogun àti ohun abúgbàù tí àwọn Biafra fọwọ́ ara wọn ṣe wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń rìn láàrin wọn. Ọ̀wọ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1968, èyí tí a dá sílẹ̀ láti gba àwọn ohun àtijọ́ ààfin Ọlọ́wọ̀. Ó yẹ kí ó gba ti àwọn ọdẹ àti ológun pẹ̀lú.

Àpótí àwọn ará Bọ́mà

Nínú àwọn tí ó ti agbègbè yìí lọ sí Ogun Àgbáyé Kejì, Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, ni ayé mọ̀ jù. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1942, ó sì bá Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú aláìsàn. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Japan yìnbọn lù wọ́n ní àfonífojì Kaladan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Òun àti David Kargbo, ará Sierra Leone, ni àwọn ará abúlé kan fi pamọ́ títí wọ́n fi rí ìgbàlà nígbà tí ọdún náà ń parí lọ. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ó kú ní 2012. Ẹsẹ̀ tí ó ń tiro ni ohun ogun tí ó gbé bọ̀ wá sílé.

Àwọn tí kò kọ ìwé pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Àpótí páànù, ìgò omi, bẹ́líìtì àti àmì ẹ̀yẹ nìkan ni ìwé tiwọn. Níhìn-ín ni mo ní láti jẹ́wọ́ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa àgbà kan lọ sí Bọ́mà, àpótí páànù tí ó gbé bọ̀ sì wà nínú yàrá ìyá wa títí mo fi wọ ilé ìwé gíga. Mo rí i pé ó ti dógùn-ún, ó ṣe mí bíi kí n tún un ṣe. Mo fi sáńpépà ha á látòkèdélẹ̀, mo sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé tuntun kùn ún. Gbogbo ilé yìn mí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìtàn, ni ó tó yé mi pé àwọn lẹ́tà àti iye funfun tí mo ha dànù lórí ìdérí àpótí náà ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun. Láìsí nọ́ńbà yìí, orúkọ kan ṣoṣo tí a mọ̀ ọ́n sí nílé kò tó láti fi wá a nínú ìwé àkọsílẹ̀ ológun, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ni ó ń yí orúkọ padà nígbà tí wọ́n bá ń wọṣẹ́.

Mo ti gbé ìdérí náà sí oòrùn ìrọ̀lẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ìlà kan ṣì ń hàn lábẹ́ ọ̀dà mi lápá ọ̀tún. Ó lè jẹ́ 1, ó sì lè jẹ́ ẹsẹ̀ 7.