Gíláàsì Ojú Fèrèsé: Láti Ìgbò Olókun dé Bódìjà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ mú gíláàsì, tàbí dígí, dé ilẹ̀ Yorùbá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìgbò Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa ti ń ṣe gíláàsì láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500. Abídèmí Babalọlá àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ hú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe, kì í ṣe fèrèsé. Kódà nígbà tí àwọn Àgùdà dé láti Brazil tí wọ́n kọ́ ilé alárà sí Èkó, pákó ni wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kùn fèrèsé. Bó bá bàjẹ́, káfíńtà ló ni iṣẹ́ náà.

Ẹni tó bá wo ilé tí wọ́n kọ́ ní Ìbàdàn láàárín ọdún 1960 sí 1980 yóò rí lúfà: pẹlẹbẹ gíláàsì tí wọ́n tò léra, tí irin tínrín di etí rẹ̀ méjèèjì mú. Ẹyọ kan ló ń fọ́, ẹyọ kan náà la ń rà. Ẹ ó wọn gígùn èyí tó kù, ẹ ó sì gba ọ̀dọ̀ onígíláàsì lọ. Òun náà kì í gé e bí ẹni gé búrẹ́dì o. Yóò ki irinṣẹ́ tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré lẹ́nu bọ kẹrosíìnì, yóò fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, yóò gbé e sétí tábìlì, yóò sì tẹ̀ ẹ́. Ọgbẹ́ lásán ló dá sí i lára. Ojú ọgbẹ́ yẹn ni gíláàsì gbà pín sí méjì.

Ohun tó ń fọ́ ọ nínú ilé náà nìyẹn. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò la máa ń dá lẹ́bi, àmọ́ etí ni wàhálà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Irin tó dípẹtà máa ń wú, á sì fún gíláàsì lọ́rùn. Tí wọ́n bá gé e há jù, kò ní àyè láti mí nínú oòrùn. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò kan ṣoṣo ti tó fún irú èyí.

Ti ìbúgbàmù yàtọ̀. Ní January 27, 2002, nígbà tí ilé ìkó-ohun-ìjà bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà, àti ní January 16, 2024 ní Bódìjà, Ìbàdàn, afẹ́fẹ́ tó tì jáde fọ́ fèrèsé ilé tí iná kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Àfọ́kù gíláàsì a sì di ọ̀bẹ.

Lóde òní, fèrèsé alumíníọ́mù tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti gba ipò lúfà. A ò bá wọn jiyàn pé ó dára lójú. Olè sì mọ bí a ṣe ń yọ lúfà níkọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí àwọn onílé fi ń fi irin dí i. Síbẹ̀, ní ti àtúnṣe, lúfà ló tẹ́ wa lọ́rùn. Bí gíláàsì alumíníọ́mù bá fọ́, odidi ni. Wọ́n ní láti yọ férémù, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fa rọ́bà etí rẹ̀ jáde, kí wọ́n tó fi òmíràn sí i. Kó tó di pé onígíláàsì parí, pálí tàbí nálọ́ọ̀nù ni onílé yóò máa fi dí ojú fèrèsé.