Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Ti Wà Kí Ìgò Tó Dé

Oṣù kẹfà ọdún 1949 ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde nílé iṣẹ́ ọtí tó wà ní Ìgànmú, l'Ékòó. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn ọtí nílẹ̀ wa ti máa ń gbé ọ̀rọ̀ wọn ka Ìgànmú, àfi bí ẹni pé omi àti ẹmu nìkan làwọn baba wa ń mu kí ìgò tó dé. Èmi ò lè bá wọn gbé e kà á. Yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ọtí kan ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, àmọ́ ìyá tó bí ìyá mi, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ìyẹn ọtí àgbàdo, ló ń pọ̀n tà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ká tiẹ̀ tó kan ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọkà bàbà ni àgbà. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ló ti wà láti ayébáyé. Àlejò ni àgbàdo. Lẹ́yìn ọdún 1500 ló bá ọkọ̀ àwọn Potogí wá láti Amẹ́ríkà. Ẹni tó kọ́kọ́ fi àgbàdo pọntí níbí ti ní láti mọ ti ọkà bàbà lámọ̀dunjú, kó tó wá da hóró tuntun sínú ìkòkò àtijọ́ láti wò ó bóyá á gbà. Kò sì lè gbà lọ́jọ́ kan. Hóró àgbàdo tóbi, ó le, omi kì í tètè wọ inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Cuba, iṣẹ́ náà ti dójú ọ̀gbagadè débi pé wọ́n mú un dání. Títí dòní làwọn olórìṣà ibẹ̀ ń ṣe chequeté, tí wọ́n ń fi àgbàdo, omi ọsàn kíkan àti ṣúgà sí i. Àgbàdo tó bá ọkọ̀ kúrò lọ́hùn-ún tún bá ọkọ̀ padà síbẹ̀, ó ti di ọtí.

Yèyé, bí gbogbo wa ṣe ń pe ìyá àgbà, kì í ra àgbàdo ọtí láìki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò. Èyí tí kókòrò bá ti jẹ, kò ní fojú rere wò ó, torí ibi tí hóró ti ń hù gan-an ni kókòrò máa ń wá. A ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì, a ó máa pààrọ̀ omi ẹ̀, ká tó wá tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ká dà á sí i, ká fi ewé mìíràn bò ó. Láàárọ̀ àti lálẹ́ la ń wọ́n omi sí i tí a sì ń fọwọ́ tú u. Iṣẹ́ ọmọdé ni títú yẹn, ìyẹn ni pé iṣẹ́ tèmi. Bí mo bá tọwọ́ bọ àárín ẹ̀, á gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe.

Yèyé á ní, “Tú u dáadáa o, kó má lọ bu mọ́ mi lọ́wọ́.”

Èyí tó bá bu, ẹlẹ́dẹ̀ ló ni ín. Ní àkókò òjò, kì í pẹ́ hù, ṣùgbọ́n oòrùn tá a máa fi sá a kì í sí. Nígbà ọyẹ́, oòrùn wà, ṣùgbọ́n hóró á máa lọ́ra. Yèyé ò ní ìwé tó ń wò fún gbogbo èyí. Tí èéhù bá ti gùn tó hóró fúnra ẹ̀, á ju ẹyọ kan sẹ́nu, á rún un. Bí adùn bá ti wà níbẹ̀, ó yá nìyẹn: sísá, lílọ̀, sísè, sísẹ́.

Ìkòkò tí ọtí máa sùn sí ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ̀. Ìyàwó ilé kan tó fẹ́ràn ìmọ́tótó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ọtí ọjọ́ yẹn sùn títí, kò hó, gbogbo agbolé ló sì gbọ́ sí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó fọ̀ dànù yẹn ni ìwúkàrà wà. Níbi iṣẹ́ wa, inú fìríìjì la ń tọ́jú tiwa sí, tá a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó bálì, ọkà tá a fi ń pọn bíà, wọ Nàìjíríà. Owó ilẹ̀ òkèèrè ti wọ́n, wọ́n ní kí kálukú lọ fi ohun tí ilẹ̀ wa ń hù pọntí. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Òṣòdì ti ń yẹ mọ́ọ̀tì ọkà bàbà, ìyẹn ọkà bàbà tí wọ́n ti mú hù, wò ṣáájú ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó gbà nínú ìgò kékeré lè má gbà nínú àgbá ńlá. Sítáàṣì bálì máa ń rọ̀ nínú omi tó gbóná tó nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti ọkà bàbà fẹ́ kọjá 70. Ooru yẹn kan náà ló sì ń pa ẹ́ńsáìmù inú èéhù, èyí tó yẹ kó sọ sítáàṣì di ṣúgà. A kó iná sí i, kò dùn. A dín iná kù, kò rọ̀. Bálì tún ní èèpo tó ń bá a ṣiṣẹ́ asẹ́. Ọkà bàbà kò ní in, ó ń dí wa lójú asẹ́ ṣáá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wá ṣe ni pé wọ́n lọ ra ẹ́ńsáìmù lókè òkun. Bálì ò gbọdọ̀ wọlé, ẹ́ńsáìmù ń wọlé. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà, ó ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo lọ sí Parakou, lápá àríwá ilẹ̀ Benin, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń fi ọkà bàbà pọn tchoukoutou. Wọ́n po ìyẹ̀fun ọkà tó ti hù mọ́ omi, wọ́n fi í sílẹ̀ kó tòrò. Wọ́n wá rọra da omi òkè sínú ìkòkò mìíràn, wọn ò gbé e kaná rárá. Èyí tó ki nísàlẹ̀ ni wọ́n sè dáadáa títí ó fi rọ̀, wọ́n jẹ́ kí ooru ẹ̀ dín kù, kí wọ́n tó da omi òkè yẹn padà sí i. Inú omi òkè ni ẹ́ńsáìmù wà. Ohun tó gbà wá lóru nílé iṣẹ́, ojúmọ́ kan ni wọ́n fi ṣe é lójú mi, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣàwàdà bí wọ́n ti ń ṣe é.

Òfin 1988 ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́, ọkà bàbà ò kúrò nínú bíà wa. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu àwọn tó kàwé ni mo ti máa ń gbọ́ pé ojú tí ń tini láti mu ún ló pa á. Irọ́ ni. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í dúró ni. Kò sí ohun tó ń dá híhó rẹ̀ dúró. Lọ́jọ́ kejì ó dáa, ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ó ti kan kọjá mímu. Bí Yèyé bá ṣìrò ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ ọjà, tí òjò sì tú àwọn èèyàn ká, òfò dé nìyẹn. Bíà tí wọ́n bá ti fi ooru pa ìwúkàrà inú ẹ̀ á bá ọkọ̀ akẹ́rù dé abúlékábúlé, á jókòó ti ògiri fún oṣù méjì, kò ní yí padà.

Yèyé fúnra ẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kó tó jáwọ́ nínú ọtí pípọ̀n, ó ti gbé kéréètì bíà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹ̀, ó ń ta méjèèjì. Èrè orí ìgò ò tó ti orí igbá, ó máa ń ráhùn nípa ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgò tí kò tà lónìí á tà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.