Ìtàn Àwòrán Eyín

Eyín lè funfun báláú, kí kòkòrò sì ti jẹ ìdí rẹ̀. Ojú lásán kò rí i. X-ray ni í tú àṣírí rẹ̀.

Ará Jámánì kan, Wilhelm Röntgen, ni ó ṣàwárí ìtànṣán yìí ní oṣù kọkànlá, 1895. Ní oṣù kìíní, 1896, Otto Walkhoff ya àwòrán eyín ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ni ó gbà á.

Ní Amẹ́ríkà, Edmund Kells, oníṣègùn eyín, a máa na ọwọ́ ara rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ náà láti dán an wò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àrùn jẹjẹrẹ mú ọwọ́ náà. Wọ́n gé ìka, wọ́n gé ọwọ́, wọ́n gé apá. Ó kú ní 1928.

Ìyà àwọn aṣáájú ni ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Lónìí, bí ẹ bá ya eyín ní ilé ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà tàbí níbòmíràn, kíá ni ó ń parí, ìtànṣán rẹ̀ sì kéré jọjọ. Bí òṣìṣẹ́ bá bọ́ sẹ́yìn ògiri, ẹ má fòyà: ojoojúmọ́ ni òun ń yà á, ẹ̀yin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìdí tí a fi fẹ́ yà á. Kí aboyún sì sọ pé òun lóyún.