èéfín
(ọ̀rọ̀ orúkọ) Ohun tí ń jáde lára iná, tí ojú ń rí. Rú ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó máa ń bá a rìn: Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó iṣu láti Ṣakí ń rú èéfín.

Àkíyèsí fún olùtumọ̀: Má ṣe fi èéfín túmọ̀ ọ́ksáídì náítírójìn. Nígbà tí ooru inú ẹ́ńjìnnì bá le púpọ̀ ni náítírójìn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń dàpọ̀ di èyí, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí kò rú èéfín rárá lè máa tú u jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ìkìlọ̀ bá wí pé “ṣọ́ra fún èéfín”, ahunṣọ Ìsẹ́yìn tí ó tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì rẹ̀, tí kò sì rí èéfín, yóò gbà pé kò séwu. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń jìyà. Afẹ́fẹ́ olóró sàn jù. Pín dín kù sí méjì: Bí a bá dín ooru inú ẹ́ńjìnnì kù, afẹ́fẹ́ olóró yìí yóò dínkù.

Yẹra fún gáàsì: lẹ́nu awakọ̀, ó lè jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, lẹ́nu olóúnjẹ, ti ìdáná ni.