Níbo Ni Ìlú Náà Wà? Ìwé Mọ́mọ́nì Níwájú Àwọn Awalẹ̀pìtàn

Mi ò wá bú ẹnikẹ́ni lónìí. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ dáhùn.

Ẹ ti rí wọn rí: ọ̀dọ́kùnrin méjì-méjì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì lọ́rùn, báàjì dúdú láyà. Láti 1978 ni ìjọ Mọ́mọ́nì ti ń rán míṣọ́nnárì wá sí Nàìjíríà. Ní 2005, wọ́n ya tẹ́ńpìlì sí mímọ́ ní ìlú Aba. Ọmọlúwàbí ni wọ́n, wọ́n mọ èèyàn kí. Wọ́n á mú Bíbélì dání, wọ́n á sì nawọ́ ìwé kejì sí ọ: Ìwé Mọ́mọ́nì. Ìwé náà ní ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lòun ń sọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká bi í ní ìbéèrè ìtàn.

Joseph Smith ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1830, ní Palmyra, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó ní áńgẹ́lì ló fi àwọn àwo wúrà han òun lórí òkè kan, pé ara wọn lòun ti túmọ̀ ìwé náà. Ìwé náà ní ìdílé Léhì kúrò ní Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí 600 ọdún ṣáájú Kristi, wọ́n wọkọ̀ ojú omi dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n pọ̀, wọ́n kọ́ ìlú ńláńlá. Wọ́n ní ẹṣin, kẹ̀kẹ́ ogun, àlìkámà àti idà irin.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ibi tí èèyàn púpọ̀ bá gbé fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, àmì wọn kì í parẹ́. Àpáàdì á wà, eérú á wà, egungun ẹran á wà nínú ilẹ̀.

Kí wá ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ? Ẹṣin ìgbàanì ti kú tán níbẹ̀ ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ará Spéènì ló tún kó ẹṣin débẹ̀ lẹ́yìn tí Columbus gúnlẹ̀ ní 1492. A ò rí ibi tí wọ́n ti yọ́ irin kí òyìnbó tó dé. Àwọn Maya kọ̀wé sára òkúta, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti ń kà á: orúkọ ọba wà níbẹ̀, ogun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Hébérù kò sí níbẹ̀. Àyẹ̀wò DNA náà fi hàn pé láti Éṣíà ni àwọn baba ńlá wọn ti wá.

Ọ̀kan lára wọn gan-an ló lọ wá a. Thomas Stuart Ferguson, lọ́yà, ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì, dá àjọ awalẹ̀pìtàn sílẹ̀ ní 1952. Ìjọ rẹ̀ fi owó tì í lẹ́yìn, wọ́n sì walẹ̀ ní Chiapas, ní Mẹ́síkò. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ní 1975, Ferguson fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé ẹ̀rí ohun ọ̀gbìn, ẹran, irin àti ìkọ̀wé tí òun ń wá kò sí.

Ká má ṣe ojúsàájú o. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ní èsì. Wọ́n ní wọ́n rí orúkọ kan ní Yemen, lára pẹpẹ òkúta àtijọ́, tó jọ Náhọ́mù inú ìwé wọn. Òótọ́ ni, orúkọ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Arébíà nìyẹn. Ìlú ti Amẹ́ríkà ńkọ́?

Ó yá, kó kan àwa náà. Ní 1961, wọ́n rí òkúta tí orúkọ Pílátù wà lára rẹ̀ ní Késáríà. Ní 2004, wọ́n rí adágún Sílóámù ní Jerúsálẹ́mù. Ògo fún Ọlọ́run! Síbẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn kò tíì rí àmì ogójì ọdún Ísírẹ́lì nínú aginjù Sínáì, wọ́n sì ń jiyàn lórí odi Jẹ́ríkò. Kí n pa á mọ́ fún yín? Rárá.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo ti dúró lórí pẹpẹ rí, mo wàásù pé wọ́n rí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ogun Fáráò nínú Òkun Pupa. Inú fídíò kan ni mo ti rí i. Ẹ pariwo Halelúyà! Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀dọ́ kan bi mí pé, “Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wo ni wọ́n kó o sí?” Mo wá a títí, mi ò rí i. Lọ́jọ́ ìsinmi kejì, mo tọrọ àforíjì níwájú ìjọ.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, Ọlọ́run kórìíra òṣùwọ̀n méjì. Ìbéèrè tí o bi Mọ́mọ́nì, bi fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ pẹ̀lú. Bí àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn bá kanlẹ̀kùn, fún wọn ní omi tútù, fún wọn ní àga. Lẹ́yìn náà, rọra bi wọ́n pé: níbo ni ìlú náà wà? Irọ́ kò lè gbé òtítọ́ ró, ì báà jẹ́ nítorí Jésù la ṣe pa á.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Baba, gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀tàn àwọn ẹlòmíì, gbà wá lọ́wọ́ tiwa náà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.