Bí Ojú Ṣe Tó Inú Ọpọlọ Alààyè

Ní oṣù kẹrin ọdún 1906, obìnrin kan tó ń jẹ́ Auguste Deter kú sí ìlú Frankfurt ní Jámánì, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan tí iyè rẹ̀ ti rá pátápátá. Dókítà Alois Alzheimer, tó ti tọ́jú rẹ̀ rí, gba ọpọlọ rẹ̀, ó gé e pẹlẹbẹ, ó fi aró tí wọ́n fi fàdákà ṣe rẹ ẹ́, ó sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ohun méjì ló rí: ìdọ̀tí tó dì sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti okùn tó lọ́ pọ̀ mọ́ra nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn. Purotéènì ni méjèèjì. Lónìí, amyloid là ń pe ti àkọ́kọ́, tau là ń pe èkejì.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, aláìsàn ní láti kọ́kọ́ kú kí dókítà tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àrùn Alzheimer ló ṣe é.

Ṣúgà ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn láti wo ọpọlọ alààyè. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ ó ń jẹ tó ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń lò. Louis Sokoloff ní Amẹ́ríkà lo irú ṣúgà kan tí sẹ́ẹ̀lì máa ń gbà wọlé ṣùgbọ́n tí kò lè lò tán: bí ẹja ṣe ń wọ ìgèrè ló ń wọlé, kì í sì í rọ́nà jáde. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa á kó púpọ̀ jọ. Èyí tó ń kú lọ á kó díẹ̀.

Ní Brookhaven, lẹ́bàá New York, Alfred Wolf, Joanna Fowler àti Tatsuo Ido so fluorine-18 tó ń tú ìtànṣán jáde mọ́ irú ṣúgà yìí, wọ́n sì pè é ní FDG. Ṣùgbọ́n fluorine-18 kì í dúró de ẹnikẹ́ni: láàárín ìṣẹ́jú 110, ìdajì rẹ̀ á ti ṣá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1976, bí wọ́n ṣe po FDG tán ni wọ́n gbé e sínú bàálù kékeré, ó di Philadelphia. Níbẹ̀ ni Abass Alavi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fà á sí iṣan ẹni méjì tí ara wọn le, tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Bí ènìyàn ṣe kọ́kọ́ rí i bí ọpọlọ alààyè ṣe ń jẹ ṣúgà nìyẹn.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, Michel Ter-Pogossian, Michael Phelps àti Edward Hoffman ń ṣe ẹ̀rọ PET, tó ń fi ìtànṣán ya àwòrán inú ara, ní St. Louis. Láti ara èròjà bíi FDG, ìtànṣán méjì ló máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ẹ̀rọ tó yí orí ká á mú méjèèjì, á sì ṣírò ibi tí wọ́n ti wá.

Ṣúgà lè fi hàn pé ó ń rẹ sẹ́ẹ̀lì, kò lè sọ ohun tó ń pa á. William Klunk àti Chester Mathis ní Pittsburgh ló wá mú thioflavin T, aró tí wọ́n fi ń wá amyloid nínú ọpọlọ òkú, wọ́n sì tún un ṣe kó lè wọ ọpọlọ alààyè. Ní ọdún 2002, wọ́n fún aláìsàn kan ní aró tuntun yìí ní Uppsala, ní Swídìn. Ogún ìṣẹ́jú péré ni carbon-11 inú rẹ̀ fi ń dín sí ìdajì, nítorí náà ibi tí wọ́n ti ń pò ó kò gbọdọ̀ jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e bá amyloid nínú ọpọlọ àwọn àgbà kan tí iyè wọn ṣì pé, èyí tó fi hàn pé àrùn náà ń gbilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìgbàgbé tó bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí florbetapir, tó ń lo fluorine-18, ní ọdún 2012, àti flortaucipir tó ń wá tau ní ọdún 2020.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàdàn. Láti ọdún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, Adéṣọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie fi àwọn àgbà Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, wé àwọn adúláwọ̀ Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àbájáde ọdún 2001 ni pé ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn Alzheimer ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ 2.52 lọ́hùn-ún. Ìbéèrè lẹ́nu àti àyẹ̀wò dókítà ni wọ́n fi ṣe é. Ṣé amyloid kò pọ̀ nínú ọpọlọ àwọn àgbà Ìdíkàn ni, àbí ó wà níbẹ̀ tí ọpọlọ wọn ń fara dà á? PET ló lè dáhùn èyí lára alààyè, ó sì yẹ kí wọ́n wá ìdáhùn náà ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń po èròjà tó ń tú ìtànṣán nítòsí ilé ìwòsàn.